Ìtẹ́nú Bàtà àti Orúnkún Tó Ń Ro Àgbà
Ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, níbi tí òkè Olósùnta ti yọrí sókè, títí dé Ìsẹ̀ àti Èmùré, ọ̀nà oko kì í sábà tẹ́jú, ẹrù sì máa ń wà lórí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tọ̀ ọ́. Nítorí náà, bí orúnkún àgbà bá ń ro, tó ń gan láàárọ̀, wọn a pè é ní làkúrègbé, wọn a sì fara mọ́ ọn. Àìsàn tí àwọn dókítà ń pè ní osteoarthritis yìí máa ń jẹ eegun rírọ̀ tó bo orí eegun níbi tí itan àti ojúgun ti pàdé. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Igbó-Ọrà, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní ọdún 2009, nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún àwọn tó ti tó ẹni 40 ọdún ni ó ní in.

Apá orúnkún tó kọjú sí ìkejì rẹ̀ ló sábà máa ń jẹ jù, nítorí ibẹ̀ ni ìwúwo ara ń tẹ̀ jù bí ènìyàn bá ń rìn. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà ilẹ̀ Japan, nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1987, fi dábàá ìtẹ́nú bàtà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níhà ìka ẹsẹ̀ tó kéré jù ga ju ẹ̀gbẹ́ kejì lọ, kí ìwúwo náà lè yẹ̀ sí apá tó ṣì le. Ìwúwo náà dín kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n dán ìtẹ́nú náà wò fún ọdún kan lára 200 ènìyàn ní Melbourne, ní Australia, tí àwọn kan lo èyí tó ga lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí àwọn yòókù lo pẹlẹbẹ lásán, àbájáde tó jáde ní 2011 fi hàn pé ìrora wọn kò yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀, àìsàn náà kò sì yéé jẹ eegun rírọ̀ náà. Ìlànà àwọn dókítà oríkèé ní Amẹ́ríkà ti 2019 pàápàá kò fọwọ́ sí i. Ta ni yóò tilẹ̀ tẹ́ ẹ sínú sìlípáàsì tó ń wọ̀ lọ oko?

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ kò wọ́n: dídín ìsanrajù kù, àti fífún iṣan iwájú itan lókun, nípa jíjókòó sórí àga, kí a na ẹsẹ̀ gbọọrọ, kí a dá a dúró díẹ̀, kí a tó rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀, léraléra lójoojúmọ́. Ọ̀pá pẹ̀lú ń gba ẹrù lórí orúnkún, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ń ṣì í mú. Bí orúnkún ọ̀tún bá ń dùn, ọwọ́ òsì ni kí ọ̀pá wà, kí òun àti ẹsẹ̀ náà jọ máa kan ilẹ̀. Àwọn físíò, èyíinì ni àwọn tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú iṣan àti eegun, wà ní ilé ìwòsàn ìkọ́ni tó wà ní Adó-Èkìtì àti ní Ìdó-Èkìtì, wọ́n sì lè kọ́ aláìsàn ní gbogbo èyí. Orúnkún tó bá wú lójijì, tó ń gbóná, tí ibà sì bá a rìn, kì í ṣe ti ọ̀pá tàbí bàtà mọ́. Dókítà ni kí wọ́n gbé aláìsàn náà lọ bá lọ́jọ́ náà gan-an.