Bí ICU bá dá bàbá padà sí Fìdítì, owó wo ló yẹ kí ẹbí ná?

Àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú. Gbogbo Yorùbá ló mọ òwe yìí, ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ owó, àwọn ẹbí tó ń rántí rẹ̀ kò pọ̀. Wọ́n á ta oko, wọ́n á fi ilẹ̀ dúró, wọ́n á kó owó àjọ, títí kò fi ní sí ohun tó ṣeé tà mọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi àgbẹ̀ ọlọ́sàn kan ní Fìdítì ṣe àpẹẹrẹ. Rọpárọsẹ̀ gbé e dè, wọ́n gbé e gba Ìròkò àti Mọ́níyà lọ sí UCH n'Ìbàdàn, wọ́n sì gbé e sí ICU, níbi tí ẹ̀rọ ti ń bá èèyàn mí. Ojoojúmọ́ ni owó ibẹ̀ ń gorí ara wọn: bẹ́ẹ̀dì, afẹ́fẹ́ ọ́síjìn, oògùn, àyẹ̀wò. Lọ́jọ́ tí dókítà bá sọ pé àwọn ti ṣe ìwọ̀n táwọn lè ṣe, ẹbí mìíràn á ní kí wọ́n má tíì yọ ẹ̀rọ, àwọn ń wá owó bọ̀. Ẹlòmíràn á gbé bàbá lọ sílé pẹ̀lú rìsíìtì nìkan lọ́wọ́. Tí ìrora bá dé lóru, wọ́n á tún háyà mọ́tò padà s'Ìbàdàn, ìnáwó á sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Ọ̀nà kẹta wà. Òun ni ìtọ́jú ìdẹ̀rùn, èyí tí kì í lé àìsàn kiri mọ́, tó jẹ́ pé ìrora, èémí tó ń há àti ìbẹ̀rù ló ń gbógun tì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláìtán Ṣóyannwò, tó ti ṣe dókítà tó ń pa aláìsàn lóorun fún iṣẹ́ abẹ ní UCH, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé e dúró n'Ìbàdàn. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé ó lé ní mílíọ̀nù 56 èèyàn tó nílò rẹ̀ lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n nǹkan bíi 14 nínú ọgọ́rùn-ún péré ló ń rí i gbà.

Kì í ṣe ohun olówó ńlá. Ní Uganda, láti 1993 ni Hospice Africa Uganda ti ń lo mọfíìnì olómi tí wọ́n ń pò níbẹ̀ láti fi pa ìrora, nígbà tó sì di 2004, òfin ibẹ̀ gba àwọn nọ́ọ̀sì tó kọ́ṣẹ́ náà láyè láti máa kọ ọ́ fún aláìsàn. Èyí ló mú kó dé abúlé tí dókítà kò sí.

Nítorí náà, kí ẹbí tó gbé aláìsàn kúrò ní ICU, ẹ béèrè nǹkan mẹ́rin. Oògùn wo ni ká dáwọ́ rẹ̀ dúró, èwo ni ká máa lò? Kí la máa fún un bí ìrora bá dé lóru? Nọ́ńbà ta la máa pè? Kí la máa rí bí ọjọ́ bá ń sún mọ́ ọn? Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ èsì rẹ̀ sínú ìwé. Ẹ má ra mọfíìnì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé dókítà kọ ọ́.

Òfin NHIA ti 2022 ti sọ ìbánigbófò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Kí ẹni tó bá ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ ìbánigbófò ìlera ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ béèrè bóyá ìtọ́jú ilé wà nínú ohun tó ń san owó fún. Bí ìjọba ìbílẹ̀ Afijió bá sì lè kọ́ nọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé Fìdítì àti Ìlọrá níṣẹ́ yìí, ọ̀pọ̀ owó mọ́tò ni yóò dúró sápò ará ìlú.

Bàbá yóò lọ bó bá tó àkókò. Ṣùgbọ́n kó lọ nírọ̀rùn, lórí bẹ́ẹ̀dì ara rẹ̀, kí oko ọsàn rẹ̀ sì kù fáwọn ọmọ.