Kíláàsì Òru ní Òkè-Gada

Ní nǹkan bí agogo méjì òru, ní òpin oṣù Ọ̀wàrà tó kọjá, mo jí láti mu omi, mo sì rí ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín lábẹ́ ilẹ̀kùn yàrá tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń sùn sí. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ó wà ní SS2 ní ọ̀kan nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tó wà ní ìlú Ẹdẹ, ọ̀dọ̀ wa ní Òkè-Gada ló sì ń gbé láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti lọ ń ṣòwò ní Ìbàdàn. Mo ṣí ilẹ̀kùn. Ó fi aṣọ ìbora borí, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, íápíìsì wà ní etí rẹ̀ méjèèjì. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ mọ ohun tó wá sí mi lọ́kàn. Ọmọbìnrin, fóònù, àti òru: n kò tilẹ̀ béèrè ohunkóhun. Mo gba fóònù náà, mo pa á, mo sì fi í sábẹ́ ìrọ̀rí mi.

Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ ni mo tó tan án wò. Fídíò ẹ̀kọ́ Físíìsì ni mo bá níbẹ̀. Ó dá dúró síbi tí olùkọ́ ti ń ṣàlàyé bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń yà kúrò ní ọ̀nà rẹ̀ nígbà tó bá ti inú afẹ́fẹ́ bọ́ sínú omi. Ìwé kékeré kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ọmọ náà, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ dé ojú ewé kọkàndínlógójì.

"Àǹtí, ẹ má bínú," ó ní. "Láti táàmù tó kọjá ni a kò ti ní olùkọ́ Físíìsì. Èyí tó ń kọ́ wa ti fẹ̀yìn tì, wọn kò sì tíì rán ẹlòmíràn wá. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ kọ́, wọn kò sì ní gbà mí láìsí Físíìsì. Dátà òru ni agbára mi ká."

Ojú tì mí. Mo bẹ ọmọ náà, mo sì dá fóònù rẹ̀ padà.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fara balẹ̀ wo ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ orí ẹ̀rọ fún àwọn ọmọ girama. Kì í ṣe ohun àjèjì ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun rárá. Ní ọdún 2013, nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá jẹ́ gómìnà, ìjọba ìpínlẹ̀ náà gbé ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan jáde tí wọ́n pè ní Ọpọ́n Ìmọ̀. 150,000 ni iye tí wọ́n gbèrò láti pín fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ipele àgbà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ti ìjọba. Orúkọ náà wù mí títí di òní. Lórí ìyẹ̀ròsùn tó wà lójú ọpọ́n ni babaláwo ń tẹ Odù sí kí ó tó kì í. Ẹni tó fún ẹ̀rọ náà ní orúkọ yìí mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí ilẹ̀ wa ti ń ka ìmọ̀ lójú ohun pẹlẹbẹ tí a gbé ka iwájú.

Ohun mẹ́ta pàtàkì ló wà nínú Ọpọ́n Ìmọ̀: kíláàsì tí a ń gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nínú rẹ̀, ilé ìkàwé tó ní ìwé tó lé ní 50 lórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ 17, àti gbàgede ìdánwò tó kún fún ìbéèrè àtẹ̀yìnwá ti WAEC àti JAMB. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ti kó sínú ẹ̀rọ náà. Kò gba íntánẹ́ẹ̀tì kí ọmọ tó lè kà á. Mo wà ní SS1 nígbà náà, ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ni mo sì ń lọ, nítorí náà kò kàn mí. Àwọn ọmọ tí a máa ń fojú di pé ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ni wọ́n ń lọ wá ń gbé Ọpọ́n Ìmọ̀ kọjá níwájú wa, ìlara sì mú wa. Ọmọ ará ilé kejì wa máa ń yá mi ní tirẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé. Mo máa ń fi dáhùn ìbéèrè JAMB títí bátìrì rẹ̀ yóò fi kú. Lónìí, bí mo bá dárúkọ Ọpọ́n Ìmọ̀ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ńṣe ló máa ń wò mí bí ẹni tó ń pàlọ́.

Bí ẹ bá bi mí, àìnílò íntánẹ́ẹ̀tì yẹn ni ọgbọ́n tó jinlẹ̀ jù nínú ètò náà. Nígbà tí Sim Shagaya dá uLesson sílẹ̀ ní ọdún 2019, mẹ́mọ́rì káàdì ni wọ́n kọ́kọ́ ń kó ọ̀pọ̀ fídíò ẹ̀kọ́ wọn sí, kí oníbàárà má baà sọ gbogbo owó rẹ̀ di dátà. Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni àrùn Kòrónà dé. Ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2020, wọ́n ti ilé-ẹ̀kọ́ pa jákèjádò Nàìjíríà, ìdánwò WAEC tí àwọn ọmọ ti ń múra sílẹ̀ fún sì di oṣù Ògún. Rédíò àti tẹlifíṣàn di kíláàsì. Ọ̀pọ̀ òbí tí kò fẹ́ rí fóònù lọ́wọ́ ọmọ tẹ́lẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ra fóònù fún ọmọ ní ọdún náà.

Orí Khan Academy ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti rí ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ìtàn rẹ̀ dára láti gbọ́. Ní ọdún 2004, Salman Khan, ọmọ Amẹ́ríkà kan, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọmọbìnrin kan tó jẹ́ ìbátan rẹ̀ ní ìṣirò láti ọ̀nà jíjìn. Nígbà tí àwọn ìbátan mìíràn ní kí ó kọ́ àwọn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé fídíò sórí YouTube ní ọdún 2006. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ó dá Khan Academy sílẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo ẹ̀kọ́ ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹbí ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, bí tiwa náà ṣe rí.

Àmọ́ ọ̀fẹ́ kì í ṣe ọ̀fẹ́ tán lọ́dọ̀ wa. Fídíò wákàtí kan, bí a tilẹ̀ jẹ́ kí àwòrán rẹ̀ wà ní ìwọ̀n tó mọ níwọ̀n, lè jẹ tó ìlàjì 1GB. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2025, àjọ NCC fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn. Ìdí nìyí tí ọmọ náà fi sọ òru di ọ̀sán. Ní báyìí, èmi ni mo ń fi fídíò sílẹ̀ kí fóònù máa gbà á wọlé lóru, òun a sì wò ó ní ọ̀sán lẹ́yìn tó bá sùn tẹ́rùn.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ àṣìṣe tèmi pẹ̀lú. Nítorí ìtìjú òru ọjọ́sí, mo fẹ́ tètè ṣe dáadáa fún ọmọ náà, mo sì san ₦12,000 fún kíláàsì orí ẹ̀rọ kan tí mo rí ìpolówó rẹ̀ lórí Facebook. Wọ́n ṣèlérí ìjókòó méjìlá. Mẹ́ta ni a rí. Olùkọ́ náà ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí wa létí bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn, àwọn ọmọ tó lé ní ọgọ́rùn-ún sì ń kọ ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n ti ẹnu gbogbo wa pa lórí WhatsApp: àwọn alámòójútó nìkan ló lè sọ̀rọ̀, àwọn náà kò sì sọ nǹkan kan. Ó yẹ kí n ti bẹ̀ wọ́n pé kí n wo ìjókòó kan kí n tó sanwó. Ó sì yẹ kí n ti béèrè ẹni tí yóò máa yẹ iṣẹ́ àwọn ọmọ wò. Àwọn ìpolówó wọ̀nyí máa ń fi àwòrán ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín hàn wá. Ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n fi ìwé tí olùkọ́ ti fi yíǹkì pupa yẹ̀ wò hàn.

Ohun kan tún wà tí fídíò kò lè ṣe. Ní ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà, ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní Florida Virtual School ti wà láti ọdún 1997, ẹ̀kọ́ tí ọmọ bá sì parí níbẹ̀ wúlò fún ìwé ẹ̀rí girama rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ìdánwò ni adájọ́. JAMB ti kó gbogbo ìdánwò rẹ̀ lọ sórí kọ̀ǹpútà láti ọdún 2015, WAEC náà sì gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń dá forúkọ sílẹ̀ ní ọdún 2024. Síbẹ̀, Físíìsì WAEC ní apá kan tó jẹ́ àfọwọ́ṣe. Ọmọ gbọ́dọ̀ di rúlà mú, kí ó wọn nǹkan, kí ó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀.

Nítorí náà ni a ṣe so àgádágodo mọ́ okùn ní ẹ̀yìnkùlé. Akẹ́kọ̀ọ́ Pólì kan tó ń gbé ládùúgbò ló ràn wá lọ́wọ́. (Ìlú Ẹdẹ yìí ní Federal Polytechnic, ó ní Yunifásítì Redeemer's, ó tún ní Yunifásítì Adélékè, n kò mọ bí ọmọ girama ṣe lè wá olùkọ́ Físíìsì tì nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀.) A wọn okùn náà ní mítà kan láti ibi tí a so ó mọ́ dé àárín àgádágodo, a sì jẹ́ kí ó máa fì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ka ogún, ó ní ogún ìṣẹ́jú àáyá ni. Akẹ́kọ̀ọ́ náà mi orí. Lílọ nìkan ló kà ní ọ̀kan, ó sì tún ka bíbọ̀ ní ọ̀kan. Àlọ àti àbọ̀ ló jẹ́ ẹyọ kan. Ó tún un kà: nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú àáyá. Wọ́n gbé àgádágodo tó tóbi sí i kọ́ ọ, ogójì náà ni. Ìgbà tí wọ́n dín okùn kù sí ìdámẹ́rin mítà ni ó tó yí padà, ó di ogún. Màmá mi tó ń gé ẹ̀fọ́ nítòsí gbójú sókè. "Okùn kúrú, eré pọ̀," wọ́n ní, wọ́n sì padà sídìí ẹ̀fọ́ wọn.

Màmá yìí kan náà ló yanjú ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ inú omi. Gẹ̀ẹ́sì olùkọ́ orí fídíò náà yára, ọmọ náà sì ti há ìtumọ̀ rẹ̀ sórí láìmọ ohun tó ń sọ. Mo ki ṣíbí bọ inú ife omi, ó dà bí ẹni pé ó kán. Màmá ní bàbá àwọn máa ń fi ọ̀kọ̀ gún ẹja ní odò Ọ̀ṣun, wọ́n sì máa ń kìlọ̀ fún àwọn pé ẹja kò sí níbi tí ojú ti rí i. Ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ni kí ènìyàn fojú sùn. Ọmọ náà dákẹ́ díẹ̀. "Ah! Nítorí pé ìmọ́lẹ̀ tó ti ara ẹja wá ti yà kí ó tó dé ojú wa."

Èdè Yorùbá ni mo kọ́ ní yunifásítì, nítorí náà ẹ lè fura pé mo ń gbe ilé-ayé mi. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti àwọn ẹ̀kọ́ mìíràn fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan láàrin wọn. Àwọn ọmọ náà kò gbẹ́yìn àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Mo ti wá fídíò Físíìsì girama ní èdè Yorùbá títí, èyí tí mo rí kò kún ọwọ́. Mo ti wá bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohùn ara mi sílẹ̀ lórí fóònù: mo ń wo fídíò, mo ń bi akẹ́kọ̀ọ́ Pólì yẹn ní ohun tí kò yé mi, mo sì ń sọ ọ́ ní Yorùbá, ìṣẹ́jú mẹ́rin tàbí márùn-ún lẹ́ẹ̀kan. Irú ohùn bẹ́ẹ̀ kì í jẹ dátà púpọ̀.

Mẹ́rin nínú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ń wá sílé wa báyìí ní ọjọ́ Sátidé. Fóònù kan ni wọ́n ń wò, a fi í ti agolo mílíìkì kí ó lè dúró. Ní Sátidé tó kọjá, iná lọ nígbà tí bátìrì rẹ̀ ku ìdá mọ́kànlá, wọ́n sì wò ó títí ó fi kú. Bí wọ́n ṣe ń dìde, ọ̀kan nínú wọn béèrè lọ́wọ́ Màmá bóyá òun lè mú àgádágodo lọ sílé láti lọ ka àlọ àti àbọ̀ fúnra òun. Màmá ní kí ó mú un, ṣùgbọ́n kí ó dá a padà kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí òun ni a fi ń ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé.