Síìlìn Balùwẹ̀ Ń Bó, Lánlọ́ọ̀dù Ń Kun Ọ̀dà Lé E!

Bí ọdún bá ti ń sún mọ́lé ni lánlọ́ọ̀dù máa ń pe akunlé. Wọ́n á kun síìlìn balùwẹ̀ ní funfun, á máa dán. Ẹ jẹ́ kí òjò oṣù kẹrin rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta péré, ọ̀dà náà á wú bí àkàrà inú epo, á bó, á sì máa já bọ́ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ẹni tó ń wẹ̀. Lẹ́yìn náà ni nǹkan dúdú á máa yọ tótòtó, bíi ti ara búrẹ́dì tó ti bu. Ìjà dé nìyẹn! Lánlọ́ọ̀dù á ní omi gbígbóná tí wọ́n ń wẹ̀ ló fà á, ayálégbé á ní páànù ló ń jò.

Àwọn méjèèjì lè jàre. Bó bá jẹ́ jíjò ni, ojú kan ni àbàwọ́n á wà, àwọ̀ rẹ̀ á dà bíi ti omi tíì, á sì máa fẹ̀. Èyí tí òjò ń mú fẹ̀, kí káfíńtà gun òkè lọ wo ojú ìṣó páànù. Èyí tó ń fẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, táńkì tàbí páìpù ni. Ṣùgbọ́n bí dúdú náà bá fọ́n ká, pàápàá ní kọ̀rọ̀ tí atẹ́gùn kì í dé, ooru omi ni. Ó ń gòkè kan síìlìn tó tutù, ó sì ń di omi, bí ìdérí ìkòkò ṣe ń làágùn. Kí wọ́n ṣí fèrèsé! Àwọn kan ti fi páálí dí i nítorí ẹ̀fọn, bẹ́ẹ̀ nẹ́ẹ̀tì wà lọ́jà.

Ọ̀rọ̀ yìí ju ẹwà ilé lọ. Ó lè gbé ikọ́ fée dìde lára ọmọdé. Ní ìlú Rochdale, ní Ìlú Ọba, ọmọ ọdún méjì kan kú ní December 2020. Nígbà tí wọ́n ṣèwádìí ikú náà ní 2022, ilé tó bu yìí ni wọ́n rí i pé ó fà á.

Bí jíjò bá ti dáwọ́ dúró, kí wọ́n fi bílíìsì ìfọṣọ fọ síìlìn, kó má ju ife tíì kan lọ nínú gálọ́ọ̀nù omi kan. Kí wọ́n bo imú, kí wọ́n wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ má pò ó mọ́ ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ o! Èéfín rẹ̀ lè pa ènìyàn nínú balùwẹ̀ tóóró. Kó gbẹ dáadáa, ìbáà gba ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀múlíṣọ̀n nìkan kò lè bo àbàwọ́n omi, á tún yọjú ni. Anda-kóòtù ọ́ìlì péńtì ló ń dá a dúró.

Ẹ̀yin akunlé, ẹ gbọ́ ná. Síìlìn asbẹ́sítọ́ọ̀sì ló wà nínú ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́. Ẹ má fi sáńpépà fá a. Eruku rẹ̀ ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè di jẹjẹrẹ lẹ́yìn ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀, nígbà tí owó iṣẹ́ ọjọ́ náà á ti tán tipẹ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n yọ ni kí onílé wá.

Ta ni yóò sanwó? Òfin Ayálégbé tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 sọ pé, bí ìwé àdéhùn kò bá sọ ohun mìíràn, onílé ni yóò máa tún ìta ilé àti ibi àjùmọ̀lò ṣe. Ó sì ní kí ayálégbé tètè fi ìbàjẹ́ ńlá tó onílé létí. Ẹni tó rí àbàwọ́n ní oṣù kẹrin, tó dákẹ́ títí síìlìn fi wó lulẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, òun náà ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti rò.