Ásíìdì Tó Ń Yòrò Nínú Omi àti Èyí Tí Kì Í Yòrò

Ẹni tó bá ti Nyanya wọ Abuja yóò kọjá ní Kugbo, níbi tí àwọn oníṣẹ́ igi ti ń kan àga àti bẹ́ẹ̀dì. Bí ọ̀kan nínú wọn bá fi ọwọ́ jẹ ẹ̀bà àti ẹ̀fọ́ elépo tán, omi lásán kò lè bọ́ epo náà kúrò, àfi ọṣẹ. Ṣùgbọ́n kíkan tó wà nínú ògì ti bá omi rẹ́ pátápátá. Ásíìdì ló wà nídìí méjèèjì. Kí ló wá fa ìyàtọ̀?

Irú ásíìdì báyìí ní orí àti ìrù. Orí rẹ̀ fẹ́ràn omi. Ìrù rẹ̀, tí í ṣe kábọ̀n tó so kọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀, kò fẹ́ omi rárá. Bí ìrù bá kúrú, orí a fà á wọ inú omi. Lactic acid inú ògì ní kábọ̀n 3, ìyẹn ló ṣe ń yòrò. Acetic acid inú fínígà ní 2. Iye tó wù kí a dà sómi, yóò yòrò. Nígbà tí kábọ̀n bá di 5, bíi gíráàmù 5 péré ni 100 mílílítà omi lè gbà. Bó bá di 6, bíi gíráàmù 1. Lauric acid tó pọ̀ jù nínú àdín ní 12, palmitic acid inú epo pupa sì ní 16. Omi kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà wọ́n rárá.

Ibí ni ọgbọ́n àwọn ìyá wa tó ń ṣe ọṣẹ dúdú ti yọ. Wọ́n ń se àdín pọ̀ mọ́ omi eérú. Omi eérú a tú àdín palẹ̀, a sì sọ ásíìdì inú rẹ̀ di iyọ̀. Orí iyọ̀ yìí ń di omi mú ṣinṣin, ìrù rẹ̀ ń di epo mú, omi a sì gbé gbogbo rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ náà kan ìlera wa pẹ̀lú. Ásíìdì ni aspirin, lítà omi kan kò sì gbà ju bíi gíráàmù 3 lọ nínú rẹ̀. Oníhóró 300 mílígíráàmù méjì yóò tipa báyìí fẹ́ bíi 200 mílílítà omi, ìyẹn ife kan. Ẹni tó bá fi itọ́ gbé e mì lóru ìdánwò, oògùn náà lè lẹ̀ mọ́ ara ikùn, kó sì dá egbò síbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mu omi ife kan lé e. Ẹni tó bá sì ní ọgbẹ́ inú, kó kọ́kọ́ bi dókítà.