Olè Ọkọ̀, àti Ẹni tí ń Gba Ẹrù Lọ́wọ́ Rẹ̀

Ní ayé àwọn baba wa, bí àgbẹ̀ bá to igi ìdáná sí ẹ̀bá ọ̀nà oko, tí ilẹ̀ sì fẹ́ ṣú, kì í sùn tì í. Yóò so àálè mọ́ ọn, ìbáà ṣe àkísà, ìbáà ṣe ṣùkù àgbàdo tàbí ìkarahun ìgbín, yóò sì máa lọ sí ilé rẹ̀. Ní òwúrọ̀, yóò bá ẹrù rẹ̀ níbi tí ó fi í sí. Àwọn kan wí pé ẹ̀rù èpè ni ó ń ba olè. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ìdí kejì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìlú kéré, olúkúlùkù mọ ẹrù ẹnìkejì rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò ra igi tí a já àálè kúrò lára rẹ̀. Olè tí kò rí ẹni ra ẹrù rẹ̀, asán ni ó ṣe.

Lónìí, ọ̀pọ̀lọpọ̀ àgbẹ̀ ní Arámọkọ, ní Ìjerò àti ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè kì í fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí oko mọ́. Alùpùpù ni ó ń gbé wọn lọ, òun náà ni ó sì ń gbé àpò kòkó wálé. Ẹlòmíràn ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ó fi ń kó ìyàwó àti àwọn ọmọ lọ sí ìsìn. Bí olè bá gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní òwúrọ̀, kí oòrùn tó wọ̀, ó ti lè kọjá Iléṣà, ó sì ti lè tà á fún ẹni tí kò mọ ẹni tí ó ni ín. Àgbẹ̀ tí ó pàdánù alùpùpù rẹ̀ ní àsìkò ìkórè, kì í ṣe irin nìkan ni ó pàdánù. Ẹrù rẹ̀ yóò jókòó sí oko, owó ilé-ìwé àwọn ọmọ yóò sì di ohun tí a ń yá. Nítorí náà ni a ṣe kọ ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ yìí fún ẹ̀yin olùkàwé wa.

BÍ OLÈ TI Í ṢE

Oríṣi olè ọkọ̀ mẹ́ta ni ó wà. Èkínní ni ẹni tí ń gbé ọkọ̀ lọ pátápátá. Èkejì ni ẹni tí ń fọ́ gíláàsì tàbí tí ń ṣí ilẹ̀kùn, kí ó lè kó ohun tí ó wà nínú ọkọ̀. Ẹ̀kẹta ni ẹni tí ń tú ara ọkọ̀ tà: bátìrì, iná iwájú, dígí ẹ̀gbẹ́, àti ẹ̀rọ kékeré tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní brain box, èyí tí í ṣe ọpọlọ ọkọ̀. Bí a bá yọ ọ́, ẹ́ńjìnì kò ní jí.

Agbára kọ́ ni olè fi ń ṣe iṣẹ́ yìí bí kò ṣe sùúrù. Ó mọ wákàtí tí ìsìn ń bẹ̀rẹ̀ àti wákàtí tí ó ń parí. Ó mọ̀ pé láti oṣù September títí di December, owó kòkó wà lọ́wọ́ àgbẹ̀. Ẹni tí ó gba owó ní báńkì ní Adó, tí ó tì í sí abẹ́ àga ọkọ̀, tí ó sì yà sí ọjà láti ra ẹja, ó lè jẹ́ pé láti ẹnu ọ̀nà báńkì ni wọ́n ti ń tẹ̀ lé e. Ẹlòmíràn yóò nawọ́ sí awakọ̀ pé táyà rẹ̀ ti ń jò. Bí ó bá sọ̀kalẹ̀ wò ó, ẹnìkejì olè yóò gba ilẹ̀kùn òdìkejì gbé àpò lọ. Àwọn kan sì ní ẹ̀rọ tí ń dí kọ́kọ́rọ́ aláfọwọ́tẹ̀ lọ́nà: awakọ̀ tẹ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ó rò pé ilẹ̀kùn ti tì, kò sì tì.

ÀÁLÈ TÍ A LÈ SO MỌ́ ỌKỌ̀

Èkínní, ẹ máa yọ kọ́kọ́rọ́ kúrò, bí ó tilẹ̀ ṣe pé ẹ fẹ́ kí ènìyàn kan lásán ni. Ẹni tí ó ní alùpùpù, kí ó yí ọwọ́ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ó tì í. Kí ó sì fi ẹ̀wọ̀n líle àti àgádágodo so ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ igi tàbí òpó. Bí alùpùpù náà bá ní ẹnu tí a fi ń dá epo dúró, kí ó dí i. Olè lè jí ẹ́ńjìnì, ṣùgbọ́n epo tí ó kù nísàlẹ̀ kò ní gbé e jìnnà kí ó tó kú sí ojú ọ̀nà.

Èkejì, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná ọkọ̀ tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé fi ìdákọ́ńkọ́ ìkọ̀kọ̀ sí ọkọ̀ yín, èyí tí yóò máa gé iná kúrò lọ́dọ̀ ẹ́ńjìnì. Àwọn ìlú òkèèrè ti rí àǹfààní irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Láti oṣù October ọdún 1998, àwọn ìlú Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fi dandan lé e pé kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun ní ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnì jí bí kì í bá ṣe kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ gan-an. Ní Amẹ́ríkà, a ta ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Kia àti Hyundai láìsí ẹ̀rọ yìí. Láti nǹkan bí ọdún 2021, àwọn ọ̀dọ́ kọ́ bí a ti ń jí wọn gbé lórí ẹ̀rọ ayélujára, olè wọn sì pọ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Ẹni tí ó bá ra tòkunbọ̀, kí ó béèrè bóyá ẹ̀rọ náà wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, bí ẹ bá ti tẹ kọ́kọ́rọ́, ẹ fi ọwọ́ fa ilẹ̀kùn wò kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má ṣe fi àpò, fóònù tàbí aṣọ sí ibi tí ojú lè tó. Olè kò mọ̀ pé òfo ni àpò náà. Kí ó tó mọ̀, ó ti fọ́ gíláàsì. Ohun tí ẹ óò fi sí búùtù, ẹ fi í síbẹ̀ ní ilé, kì í ṣe ní ibi tí ẹ dé, níbi tí ẹni tí ń ṣọ́ yín ti lè rí i.

Ẹ̀karùn-ún, ibi tí ojú pọ̀ sí ni kí ẹ gbé ọkọ̀ sí. Kí àwọn àgbẹ̀ tí oko wọn wà ní ọ̀nà kan náà kó alùpùpù wọn jọ sí agbo ilé tí ó kángun sí oko, kí wọ́n sì fún onílé ní nǹkan díẹ̀. Bákan náà ni ní ilé ìsìn: kí ọkùnrin méjì máa gba ìṣọ́ ọkọ̀ ní àgbàyí, pàápàá ní òru àìsùn.

Ẹ̀kẹfà, ẹ kọ nọ́ńbà ọkọ̀ yín sílẹ̀. Kì í ṣe nọ́ńbà tí a kàn mọ́ iwájú àti ẹ̀yìn ni a ń wí, nítorí olè lè tú ìyẹn láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Nọ́ńbà tí a tẹ̀ mọ́ irin ni. Lára ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí a ṣe láti nǹkan bí ogójì ọdún yìí wá, lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún ni. Kò sì gbọdọ̀ sí lẹ́tà I, O tàbí Q nínú wọn. Ẹ óò rí i ní ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú tàbí ní òpó ilẹ̀kùn awakọ̀. Ti alùpùpù wà ní ọrùn irin tí ọwọ́ rẹ̀ dúró lé. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnì sì wà lára ẹ́ńjìnì. Ẹ kọ wọ́n sí ẹ̀yìn Álímánáàkì yìí, kí ẹ sì fi í sí ilé. Ìwé ọkọ̀ tí ó wà nínú ọkọ̀ tí a jí gbé, olè ni ó ń ṣiṣẹ́ fún.

BÍ Ó BÁ TI ṢẸLẸ̀

Bí olè bá dojú ìbọn kọ yín, ẹ fi ọkọ̀ sílẹ̀. Bí ọmọ bá wà nínú rẹ̀, ẹ kígbe pé ọmọ wà níbẹ̀, kí ẹ sì gbé e kúrò. Orí kò ṣeé rà ní ọjà.

Bí ẹ bá dé tí ẹ bá gíláàsì ní fífọ́, ẹ má ṣe yára wọ inú ọkọ̀, ẹ má sì nu ohunkóhun. Ẹ ya àwòrán rẹ̀, ẹ kọ ohun tí ó nù sílẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó wà nítòsí, kí ẹ sì lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Nọ́ńbà 112 ni ìpè pàjáwìrì ní Nàìjíríà. Bí káàdì báńkì bá wà lára ohun tí ó nù, ẹ jẹ́ kí báńkì dí i ní wákàtí kan náà. Bí ó bá ṣe ọkọ̀ ni wọ́n gbé lọ, ẹ fi àwọ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ọlọ́kadà àti àwọn tí ń ta epo ní ọ̀nà Ìgèdè, ní ọ̀nà Ìjerò àti ní Ìtawúre. Wákàtí àkọ́kọ́ sàn ju ọ̀sẹ̀ kan lọ.

Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ ìbánigbófò pẹ̀lú. Èyí tí òfin fi dandan lé wa lórí, tí owó rẹ̀ fún ọkọ̀ aládàáni di ₦15,000 láti January 1, 2023, ẹni tí ọkọ̀ wa bá pa lára ni ó wà fún. Kì í san owó ọkọ̀ tí olè gbé. Ẹni tí ó bá fẹ́ ìyẹn gbọ́dọ̀ béèrè fún èyí tí ó kan olè.

Bí ọwọ́ bá tẹ olè, ẹ fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi táyà àti epo sun ún. Ìpànìyàn ni, òfin kò sì pè é ní orúkọ mìíràn. Bí kò tilẹ̀ sí òfin, ìwà òmùgọ̀ ni: ẹni tí a pa kò lè mú wa dé ilé ẹni tí ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀.

ẸNI TÍ Ó GBÀ Á SÍLẸ̀

Àwọn àgbà wí pé, ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tí ó gbà á sílẹ̀ fún un. Ọ̀rọ̀ yìí ni gbòǹgbò ohun tí a ń sọ. Ní September 8, 1971, a yìnbọn pa adigunjalè Ìṣọ̀lá Oyènúsì ní Bar Beach, ní Èkó, lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Olè kò torí ìyẹn tán, nítorí ọjà olè kò tú.

Ní oṣù August ọdún 2003, Nàìjíríà ti ibodè rẹ̀ pẹ̀lú ilẹ̀ Benin, nítorí àwọn ọkọ̀ tí a ń jí gbé níhìn-ín tí a sì ń kó kọjá lọ sí ọ̀hún. A fi ẹ̀sùn kan ọkùnrin kan, Hamani Tidjani, pé òun ni olórí òwò náà. A mú un ní Mali, a sì fà á lé Nàìjíríà lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kí ó tó dé ibẹ̀, oníṣòwò tí kò jí abẹ́rẹ́ rí ti dúró sí ẹnu ibodè pẹ̀lú ẹrù rẹ̀.

Kí a má sì ṣe rò pé ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò wa nìkan ni ọjà náà wà. Ní oṣù March ọdún 2025, àwọn ọlọ́pàá àgbáyé, INTERPOL, àti àwọn ìlú méjìlá ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà, Nàìjíríà pẹ̀lú wọn, yẹ ọkọ̀ wò ní ojú ọ̀nà àti ní ibodè. Wọ́n rí nǹkan bí 150 tí a jí gbé, Kánádà ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn sì ti wá. Ẹnìkan jí ní òwúrọ̀ ní ìlú òkèèrè, kò bá ọkọ̀ rẹ̀. Ẹlòmíràn níhìn-ín ń dúpẹ́ pé òun rí ọkọ̀ olówó pọ́ọ́kú rà.

Ní ìpín 427 nínú Ìwé Òfin Ọ̀daràn ti Nàìjíríà, ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ gba ẹrù olè lè lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rìnlá. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ ta ọkọ̀ tàbí alùpùpù fún yín, ẹ wo nọ́ńbà tí ó wà lára irin, kí ẹ fi í wé ti inú ìwé. Bí a bá ti ha á, tàbí tí olùtà kò fẹ́ bá yín lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ẹ má ṣe san kọ́bọ̀. Bí mẹkáníìkì bá mú brain box tàbí bátìrì tí ó pọ́ jù wá, ẹ bi í pé ta ni ó ni ín tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó ra bátìrì ọkọ̀ ará Ìgèdè lónìí, kí ó má ṣe yà á lẹ́nu bí ará Ìgèdè bá ra tirẹ̀ lọ́la.

Àgádágodo dára, ìṣọ́ sì dára. Ṣùgbọ́n àálè tí ó lágbára jù ni èyí tí àwọn baba wa ní: ìlú tí kò sí ẹni tí yóò na owó sí ẹrù olè. Bí ilé kọ̀ọ̀kan bá kọ̀ ọ́, níbo ni olè yóò tà á sí?