Yídíìṣì: Bí Èdè Ilé Ṣe Di Èdè Ìwé

Èdè méjì ni àwọn Júù ìlà-oòrùn Yúróòpù ń lò láyé àtijọ́. Hébérù ni ti àdúrà àti Ìwé Mímọ́. Yídíìṣì ni wọ́n fi ń nájà, òun ni wọ́n sì fi ń bá ọmọ wí. Ara èdè Jámánì ni Yídíìṣì ti ṣẹ̀, ó yá ọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ Hébérù àti àwọn èdè àdúgbò bíi ti Pólándì, lẹ́tà Hébérù ni wọ́n sì fi ń kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé kò kà á sí. Èdè obìnrin àti mẹ̀kúnnù ni wọ́n pè é.

Hébérù ni Sholem Abramovitsh, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Mendele, kọ́kọ́ fi ń kọ̀wé. Ní 1864, ó gbé ìtàn jáde ní Yídíìṣì, torí ó fẹ́ kí iṣẹ́ òun dé ọ̀dọ̀ àwọn ará ilé àti ará ọjà. Òǹkọ̀wé mìíràn, I. L. Peretz, náà kọ tirẹ̀ ní Yídíìṣì ní Warsaw.

Ṣùgbọ́n Sholem Aleichem, tí wọ́n bí ní Yukréìn ní 1859, ló wọ àwọn ènìyàn lára jù. Òun ló kọ ìtàn Tevye, tálákà tó ń kiri wàrà, tó sì ń bá Ọlọ́run jiyàn bí ẹni ń bá aládùúgbò rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ kò gba ọkọ tí wọ́n yàn fún wọn. Ọ̀kan fẹ́ télọ̀ aláìní. Òmíràn fẹ́ ẹni tí kì í ṣe Júù, bàbá sì ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ láàyè. Bàbá jàre, ọmọ náà jàre. Ibẹ̀ gan-an ni ìtàn náà ti ń dunni. Nígbà tí Sholem Aleichem kú ní New York ní 1916, èrò tó lé ní 100,000 ló tú síta láti sin ín.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba Nazi pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 6 Júù, Yídíìṣì sì ni èdè ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn. Isaac Bashevis Singer, ọmọ Pólándì tó ti dé Amẹ́ríkà ní 1935, kò fi èdè náà sílẹ̀. Inú Forverts, ìwé ìròyìn Yídíìṣì ní New York, ló ti ń gbé ìtàn rẹ̀ jáde. Ní 1953, Saul Bellow, òǹkọ̀wé tó jẹ́ Júù bíi tirẹ̀, túmọ̀ ọ̀kan nínú wọn sí Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tí kò gbọ́ Yídíìṣì sì bẹ̀rẹ̀ sí í mọ Singer. Bellow gba ẹ̀bùn Nobel ní 1976, Singer gba tirẹ̀ ní 1978.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ àwọn Júù Amẹ́ríkà kò lè ka ìwé tí òbí wọn fi sílẹ̀, wọ́n sì ń dà á nù. Ní 1980, Aaron Lansky dá ilé àkójọ ìwé Yídíìṣì sílẹ̀ ní Massachusetts láti máa kó wọn jọ. Ìwé tó ti rí kó lé ní mílíọ̀nù kan, ẹgbẹẹgbẹ̀rún nínú wọn sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́.