‘Kò Rí I’ Kì Í Ṣe ‘Kò Sí’: Ìtumọ̀ Ìjíṣẹ́ Ìdíwọ́ Nínú Fífi Windows XP Sórí Kọ̀ǹpútà

1. Ìfáàrà

Ọ̀rọ̀ tí kọ̀ǹpútà máa ń kọ sí ojú rẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá dá dúró lójijì wà lára àwọn ohun tí ó ṣòro láti túmọ̀ sí èdè Yorùbá. Kì í ṣe pé àwọn ọ̀rọ̀ náà gùn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé wọ́n jinlẹ̀. Ohun tí ó mú kí wọ́n ṣòro ni pé ohun tí ẹ̀rọ ṣàkíyèsí ni wọ́n ń sọ, nígbà tí ó jẹ́ pé ohun tí ó fa ìdádúró náà ni ẹni tí ó ń kà á fẹ́ mọ̀. Bí olùtumọ̀ kò bá ya ohun méjèèjì sọ́tọ̀, yóò ṣi òǹkàwé lọ́nà, òǹkàwé yóò sì náwó sí ohun tí kò bàjẹ́.

Àpẹẹrẹ kan ni a ó fi yẹ ọ̀rọ̀ náà wò níhìn-ín: fífi Windows XP sórí kọ̀ǹpútà tí a ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Oṣù kẹwàá ọdún 2001 ni ilé-iṣẹ́ Microsoft gbé Windows XP sórí àtẹ; ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹrin ọdún 2014 ni wọ́n sì dáwọ́ àtúnṣe rẹ̀ dúró. Síbẹ̀, àwọn kan ṣì ní ìdí láti lò ó. Ẹ̀rọ yàrá àyẹ̀wò kan lè wà tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n kí ètò tí a fi ń lò ó má lè ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀dà Windows tí ó dé lẹ́yìn XP. Bí kọ̀ǹpútà tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá bàjẹ́, a ní láti wá òmíràn, kí á sì fi XP sí i. Bí a kò bá rí i ṣe, ẹ̀rọ olówó ńlá di ohun tí a fi aṣọ bò sí igun yàrá.

2. Èdè-ìperí mẹ́ta

Kí á tó wọ inú ọ̀rọ̀, ó yẹ kí á sọ ohun tí èdè-ìperí mẹ́ta dúró fún. Èkíní ni ètò ìdarí. Èyí ni àkójọ àṣẹ tí ó wà láàárín ènìyàn àti ẹ̀rọ, tí ó sì ń pín iṣẹ́ fún gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà. Ètò ìdarí ni Windows XP.

Èkejì ni ètò ògbifọ̀. Dísìkì, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti àwọn ẹ̀yà mìíràn ní èdè tiwọn, ètò ìdarí kò sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ètò kékeré kan ni ó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ láàárín wọn. Bí a bá tẹ̀lé orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì fún un, awakọ̀ ni à bá máa pè é. Ṣùgbọ́n ètò yìí kò wa ohunkóhun. Iṣẹ́ ògbifọ̀ ni ó ń ṣe: ó gbọ́ èdè ètò ìdarí, ó sì gbọ́ èdè dísìkì. Láàfin, bí kò bá sí ògbifọ̀, àlejò lè dúró síwájú ọba kí ọba má mọ ohun tí ó bá wá. A ó rí i láìpẹ́ pé ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà gan-an nìyí.

Ẹ̀kẹta ni orúkọ tí a ó pe ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ ń kọ nígbà tí iṣẹ́ bá dá dúró. Àṣìṣe ni ó kọ́kọ́ máa ń wá sí ọkàn. Bí a bá tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀, a ó rí à-, ṣì àti ṣe: ẹnì kan ṣe ohun kan, ó sì ṣì í ṣe. Ọ̀rọ̀ yìí ń ka ẹ̀bi sí ènìyàn lọ́rùn. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ àpẹẹrẹ tí ó wà nísàlẹ̀, ẹni tí ó jókòó ti kọ̀ǹpútà kò ṣi ohunkóhun ṣe. Ìdíwọ́ ni ó bá ọ̀rọ̀ náà mu jù. Ó sọ pé ohun kan dí òṣìṣẹ́ lọ́wọ́, ìbéèrè tí ó sì tẹ̀lé e ni pé, kí ni ó dí i lọ́wọ́? Ìbéèrè yìí gan-an ni ó yẹ kí alátùn-únṣe béèrè. Nítorí náà, ìjíṣẹ́ ìdíwọ́ ni a ó máa lò: iṣẹ́ tí ẹ̀rọ jẹ́ fún ènìyàn nípa ohun tí ó dí i lọ́wọ́.

3. Kò rí i, kò sì mọ̀ ọ́n

Bí a bá ki síidì Windows XP bọ inú kọ̀ǹpútà, tí iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀, ojú kọ̀ǹpútà yóò di aláwọ̀ búlúù, lẹ́tà funfun yóò sì máa hàn lórí rẹ̀. Níbẹ̀ ni ìjíṣẹ́ ìdíwọ́ àkọ́kọ́ ti sábà máa ń jáde: “Setup did not find any hard disk drives installed in your computer.” Ẹni tí ó bá yára kà á yóò gbà pé kò sí dísìkì nínú ẹ̀rọ náà, tàbí pé dísìkì ibẹ̀ ti kú. Yóò ra tuntun, yóò fi sí i, ọ̀rọ̀ kan náà yóò sì tún jáde.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò sọ pé dísìkì kò sí. Ó ní òun kò rí i. Nínú èdè Yorùbá, sí àti rí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà, kò sì sí ọmọdé tí ó ń ṣì wọ́n lò. Ìyá tí ó ní òun kò rí ìlẹ̀kẹ̀ òun kò tíì sọ pé ìlẹ̀kẹ̀ kò sí nílé. Ọ̀nà tí a fi lè mọ òtítọ́ rọrùn: kí á wọ inú BIOS, ìyẹn ètò tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà kí a tó fi ètò ìdarí kankan sí i. Bí orúkọ dísìkì àti ìwọ̀n rẹ̀ bá hàn níbẹ̀, dísìkì wà, kọ̀ǹpútà sì rí i. XP nìkan ni kò rí i.

Ìtàn ni ó ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ kan wà láàárín kọ̀ǹpútà àti dísìkì tí à ń pè ní AHCI. Ọdún 2004 ni ilé-iṣẹ́ Intel gbé ìlànà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn XP. Síidì XP kò ní ògbifọ̀ fún èdè yìí. Kódà, àkójọ àtúnṣe kẹta, tí ó jáde ní 2008, kò fi í kún un. Nítorí náà, XP kò rí dísìkì nítorí pé kò gbọ́ èdè rẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ni a lè gbà yanjú rẹ̀. Èyí tí ó rọrùn jù ni pé kí á wọ inú BIOS, kí á yí ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ dísìkì padà láti AHCI sí IDE, èdè àtijọ́ tí XP gbọ́, bí BIOS náà bá fi àyè rẹ̀ sílẹ̀. Èkejì ni pé kí á tẹ bọ́tìnnì F6 ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí á sì fún XP ní ògbifọ̀ láti inú flọ́pì. Ẹ̀kẹta ni pé kí á ti fi ògbifọ̀ náà kún àwọn fáìlì XP kí á tó kọ wọ́n sínú síidì, nítorí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ni kò ní ojú flọ́pì mọ́.

Ó yẹ kí á kíyè sí ọ̀rọ̀ tí ó ń pe ènìyàn láti tẹ F6. Ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà ni ó wà, kì í sì í pẹ́ kí ó tó lọ. SCSI àti RAID ni ó dárúkọ. Kò dárúkọ AHCI rárá. Ẹni tí kò ní SCSI tàbí RAID yóò rò pé kì í ṣe òun ni à ń bá wí. Bí ó bá sì tẹ̀ ẹ́, kò ní rí ohunkóhun lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó di ìgbà díẹ̀ kí ìbéèrè tó jáde pé kí ó tẹ S láti mú ògbifọ̀ wá. Olùtumọ̀ tí ó bá túmọ̀ orúkọ ẹ̀rọ nìkan yóò fi òǹkàwé sínú òkùnkùn kan náà. Ìtumọ̀ tí yóò ràn án lọ́wọ́ ni: ‘Bí dísìkì rẹ bá nílò ògbifọ̀ tí kò sí nínú síidì yìí, tẹ F6, kí o sì dúró.’

Nígbà mìíràn, XP yóò rí dísìkì, ṣùgbọ́n kò ní rí gbogbo rẹ̀. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ ti 2001 kò lè ka apá dísìkì ju 268,435,456 lọ. Bí apá kọ̀ọ̀kan ti jẹ́ báìtì 512, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi gígábáìtì 137. Dísìkì gígábáìtì 500 yóò wá dà bí ẹni pé ó jẹ́ 137, láìsí ìjíṣẹ́ ìdíwọ́ kankan. Síidì tí a ti fi àkójọ àtúnṣe kìíní ti 2002 kún ni ó yanjú èyí. Dídákẹ́ ẹ̀rọ kò fi hàn pé kò sí ìdíwọ́.

4. Kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀

Ìjíṣẹ́ ìdíwọ́ kejì kò fara jọ ọ̀rọ̀ rárá. Iṣẹ́ yóò dúró, ojú kọ̀ǹpútà yóò sì gbé nọ́ńbà 0x0000007B jáde. Àrokò ni èyí. Bí àwọn baba wa ṣe ń di ẹyọ owó, ìyẹ́ àti igi pọ̀ ránṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó ṣe ètò ìdarí di nọ́ńbà yìí pọ̀. Ẹni tí ó mọ àrokò nìkan ni ó lè tú u. 0x tí ó wà níwájú ń sọ pé òǹkà oní-mẹ́rìndínlógún ni a fi kọ ọ́. Nínú òǹkà yìí, A dúró fún 10, B fún 11. Nítorí náà, 7B jẹ́ 16 lọ́nà méje pẹ̀lú 11, ìyẹn 123. Ohun tí nọ́ńbà yìí dúró fún ni pé ètò ìdarí kò lè dé orí dísìkì tí ó yẹ kí ó ti gbéra.

Ìdí rẹ̀ sábà máa ń jọ ti ìṣáájú: ògbifọ̀ ni kò sí. Ó tún lè ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ó ti parí iṣẹ́. Bí a bá fi XP sórí kọ̀ǹpútà nígbà tí BIOS wà lórí IDE, tí ẹnì kan sì yí i sí AHCI lẹ́yìn náà, àrokò yìí yóò jáde nígbà tí a bá tún tan kọ̀ǹpútà. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹni tí ó bá wo ẹ̀yìn, tí ó sì rántí ohun tí a yí padà, yóò dá a padà sí IDE, XP yóò sì jí. Ẹni tí kò bá wẹ̀yìn lè nu gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ kúrò, kí ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

5. Kò sí níbẹ̀

Ìjíṣẹ́ kẹta ni “NTLDR is missing.” NTLDR ni fáìlì tí ó ń gbé XP dìde nígbà tí a bá tan kọ̀ǹpútà. Láàárín iṣẹ́, kọ̀ǹpútà máa ń pa ara rẹ̀, á sì tún ara rẹ̀ tàn. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yìí lè yọjú. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ sí ‘NTLDR ti sọnù’, à ń sọ pé ó ti wà tẹ́lẹ̀, ẹnì kan ni ó sọ ọ́ nù. Ìtumọ̀ tí ó bá òtítọ́ mu ni ‘NTLDR kò sí níbẹ̀.’ Ọ̀rọ̀ kékeré tí í ṣe níbẹ̀ yìí ni ó wúlò jù, nítorí pé yóò mú kí òǹkàwé béèrè pé, níbo?

Ìdáhùn rẹ̀ lè yani lẹ́nu. Ó lè jẹ́ pé dísìkì mìíràn ni kọ̀ǹpútà ti ń wá fáìlì náà, bóyá dísìkì kejì tí Windows ti pèsè sílẹ̀ ṣùgbọ́n tí a kò fi ètò ìdarí sí. Kí á yọ ọ́ kúrò, tàbí kí á tún ètò ìgbéra ṣe nínú BIOS, ọ̀ràn ti parí. Bí ó bá jẹ́ pé lóòótọ́ ni fáìlì kò sí lórí dísìkì tí ó tọ́, kí á fi síidì XP gbéra, kí á tẹ R láti wọ inú àyè àtúnṣe, kí á sì da NTLDR àti NTDETECT.COM kọ láti inú àpò I386 sí ìbẹ̀rẹ̀ dísìkì C.

6. Nígbà tí ẹ̀rọ bá béèrè

Àwọn ìjíṣẹ́ mìíràn máa ń béèrè ohun tí a fẹ́ kí ẹ̀rọ ṣe. Èyí tí ó gbajúmọ̀ jù nínú MS-DOS, ètò ìdarí tí ó ṣáájú Windows, ni “Abort, Retry, Ignore?” Nígbà tí ó yá, Fail gba ipò Ignore. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ ohun tí Fail ń wí, nítorí pé a kì í pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni pé kí ó kùnà. Bí a bá wo ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe, ìtumọ̀ rẹ̀ yóò hàn. Abort fòpin sí ètò náà pátápátá. Retry tún ìgbésẹ̀ náà gbìyànjú. Ignore ń tan ètò náà jẹ: ó ṣe bí ẹni pé ìgbésẹ̀ náà yọrí, èyí tí ó lè ba fáìlì jẹ́. Fail ń sọ òtítọ́ fún un pé kò yọrí, kí ètò náà fúnra rẹ̀ lè wá ọgbọ́n mìíràn dá. Nítorí náà, ‘Fi òpin sí i, Tún un gbìyànjú, Sọ fún un pé kò yọrí’ ni ó yẹ kí á kọ. Nínú Yorùbá yìí, ẹni tí kò mọ MS-DOS rí lè yan èyí tí ó tọ́.

7. Àgbálọgbábọ̀

Rí, mọ̀, dé àti sí jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe tí gbogbo ọmọ Yorùbá ń lò lójoojúmọ́. Bí a bá fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ipò rẹ̀, ó tó láti fi ibi tí ìdíwọ́ wà han òǹkàwé. Kí olùtumọ̀ tó kọ ọ̀rọ̀ kan, ó yẹ kí ó béèrè ohun mẹ́ta: ta ni ó ń sọ̀rọ̀, kí ni ó ṣàkíyèsí, níbo ni ó sì dúró wò ó? Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ó tó wo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Iṣẹ́ àkànṣe ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1970 lábẹ́ ìdarí Bàbátúndé Fáfúnwà, ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì. Àtúnṣe ẹ̀rọ náà jẹ́ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì. Ọ̀dọ́ tí ó ń kọ́ iṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà nílò èdè tí yóò jẹ́ kí ó mọ ìyàtọ̀ láàárín dísìkì tí ó kú àti dísìkì tí kò ní ògbifọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo péré ni yóò kọ́ ọ kí ó má ṣe sọ dísìkì tí ó dára sí orí ààtàn.

Ìkìlọ̀ kan kù. Láti 2014 ni a kò ti dí ihò ààbò Windows XP mọ́ fún gbogbo ènìyàn gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí a bá fi í sí nítorí ẹ̀rọ yàrá àyẹ̀wò, kí á má ṣe so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ó jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀, kí ó máa ṣe iṣẹ́ tí a tìtorí rẹ̀ gbé e dìde.